Nọ́ọ̀sì Mojíre Kejì

Ọkùnrin náà wo Mojíre láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mi orí.

"Ẹ má bínú, Mà. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Iwájú ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n wà, láàárọ̀ Ọjọ́rú kan lọ́dún 1994. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ọkùnrin náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ lórí eékún, ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì Mojíre Ọ̀ṣuntọ́lá ló ní òun ń wá. Wọ́n bá a ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì Mojíre Ọ̀ṣuntọ́lá sì jáde: aṣọ funfun, bẹ́líìtì ní ìbàdí, aago kékeré tó ń fì lókè àyà. Kò sí Mojíre mìíràn nínú ilé náà. Kò sì sí ìgbà kan tí òmíràn wà níbẹ̀ rí.

Síbẹ̀, kì í ṣe òun.

Mojíre kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. "Bí kì í bá ṣe èmi," ó ní, "ẹnu ta ni mo wá fi mu ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí?"

Ọkùnrin náà kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí òun ń wá ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kadà ló máa ń gbé e wá sí abà àwọn pẹ̀lú báàgì dúdú lápá. Ó ti ń fún ìyàwó òun lábẹ́rẹ́ láti ìgbà tí oyún ti hàn. Ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì náà ní òun tún ń bọ̀. Ṣùgbọ́n orí ti ń fọ́ ìyàwó náà láti àná, kò jẹ́ kó sùn, ni òun fi ní kí òun wá bẹ nọ́ọ̀sì kó tètè wá. Adéwálé ni orúkọ òun. Abà Fáníyì ni òun ti wá, lẹ́yìn odò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kòkó.

Ẹ̀rín kúrò lójú Mojíre.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wú, Mà. Ojú náà wú. Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní omi ọmọ ni."

"Ṣé ó ń rí nǹkan tó ń tàn níwájú rẹ̀?"

Adéwálé gbójú sókè. Kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. "Láàárọ̀ yìí ló sọ ọ́. Ó ní tanátaná ń fò lójú òun."

Mojíre mọ tanátaná yẹn. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni, bó bá ti dé ojú, gìrì ló kù, bí gìrì bá sì mú aboyún, ìyá àti ọmọ lè bá a lọ. Kì í dúró de Ọjọ́ Ẹtì. Ó ní kí Adéwálé lọ gbé ìyàwó rẹ̀ wá kíá.

Adéwálé kọ̀. Kì í ṣe pẹ̀lú àfojúdi. Ó fi ẹ̀sọ̀ kọ̀, bí ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún. Nọ́ọ̀sì Mojíre tiwọn ti sọ pé kí wọ́n bẹ̀rù ọ̀bẹ bí wọ́n bá gbé e wá sílé ìwòsàn. Ó tún ní àwọn nọ́ọ̀sì ìgboro ń ṣe ìlara òun nítorí pé àwọn èèyàn fẹ́ràn òun, pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú wọn tilẹ̀ máa jẹ́ orúkọ òun.

Ẹni tó ń jẹ́ Mojíre náà ti wọlé sọ́kàn wọn, ó ti ti ilẹ̀kùn láti inú.

Mojíre dúró síbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á fún aboyún tí kò rí rí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà lábẹ́ ẹ̀rù náà, tó ń yọjú bí ọmọ tó ń wo àlejò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ta ni? Ta ni obìnrin tó ń jí láàárọ̀, tó ń wẹ̀, tó ń di Mojíre?

"Jẹ́ kí n bá ọ lọ," ó sọ. "Bí mo bá dé ọ̀hún tí wọ́n ní òpùrọ́ ni mí, màá padà. Ṣé o rí i pé ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi padà, kì í ṣe tìẹ."

Ó wọlé lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ àti ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó háyà takisí kan, ó ní kí dírẹ́bà má gbé èrò mìíràn, nítorí pé ẹni tí wọn yóò gbé padà yóò nílò àyè láti nà sílẹ̀. Adéwálé wọlé sẹ́yìn ọkọ̀. Ó tún ń wò ó.

*

Ẹni bá mọ Mojíre mọ̀ pé bí a bá fẹ́ mú inú rẹ̀ dùn, ká bi í pé ọmọ ta ni.

Ní Ifẹ̀, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwádìí. Ìkíni ni. Ẹni tí wọ́n bi tí kò dáhùn, ó ní ohun tó ń fi pamọ́ nìyẹn, tàbí kí ó jẹ́ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Mojíre kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ilé Ọ̀ṣuntọ́lá ní Òkèrèwè ni. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń kì í. Bàbá rẹ̀ ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, tí gbogbo àwọn tíṣà ìlú ń gbé kẹ̀kẹ́ tiwọn wá bá. Ìyá rẹ̀ ń rẹ aró. Òun ni àkọ́bí. Ọjọ́ tí ó yẹ kó lọ fi ara hàn níléẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ewúrẹ́ àdúgbò jẹ bàtà kánfáàsì rẹ̀, ó jẹ ti ọ̀tún nìkan, ó fi ti òsì sílẹ̀, Mojíre sì fi sálúbàtà ìyá rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ rìn níwájú àwọn òyìnbó. Wọ́n gbà á. Ìtàn ewúrẹ́ yẹn, ó ti sọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù, ó ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti sọ ọ́ fún aboyún tí ìrora mú kó lè gbàgbé díẹ̀. Ó mọ ibi tí èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ibi tó yẹ kó dúró kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín tán.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìlódè ló ń gbé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Tìmílẹ́hìn, ń kàwé ní yunifásítì. Gbogbo èyí pẹ̀lú, bí wọ́n bá bi í, á sọ. Kí ló wà níbẹ̀?

Nínú takisí, ó ní kí Adéwálé sọ ohun tó mọ̀ nípa Mojíre tirẹ̀.

Adéwálé sọ ọ́. Ọkọ̀ ń fò nínú kòtò, ó ń sọ ọ́. Òkèrèwè. Kẹ̀kẹ́. Igi àgbálùmọ̀. Aró lọ́wọ́ ìyá. Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ kan ní yunifásítì, Tìmílẹ́hìn lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé orí ewúrẹ́, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín. Ó dúró níbi tó yẹ kó dúró.

Mojíre ń gbọ́. Bí ìgbà tí èèyàn gba ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀ kọjá, tó gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ewúrẹ́ òun. Bàtà òun. Ó ti di ti ẹlòmíràn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n lọ́kàn. Ta ló mọ gbogbo èyí? Ẹbí. Ẹbí mọ̀ ọ́n. Ó ronú kan àbúrò ọkọ rẹ̀ kan, ojú tì í, ó yí ọkàn kúrò. Àwọn ará wọ́ọ̀dù. Ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń yẹ ojú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìṣẹ̀, láìrò.

"Aago yẹn náà wà," Adéwálé sọ. Ó nawọ́ sí àyà Mojíre lókèèrè. "Ó ní irú rẹ̀. Ó ní mátírọ́nì òyìnbó kan ló tú u lára aṣọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń padà sílùú wọn. Ó ní òyìnbó yẹn ní, 'Mojíre, àyà rẹ ló yẹ.'"

Mojíre fọwọ́ bo aago náà.

Aago náà, alátẹ kan ní Ìbàdàn ló tà á fún un. Ó ná an títí ẹnu fi gbẹ. Kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀.

Irọ́ ni. Irọ́ Mojíre fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló pa á láyé, lábẹ́ àtíbàbà Ìyá Kẹ́hìndé onídìrí, ní Ìlódè. Orí rẹ̀ wà láàárín eékún Ìyá Kẹ́hìndé lọ́jọ́ náà, ọwọ́ onídìrí ń lọ jẹ́jẹ́, oorun díẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó lórí àpótí nítòsí yìn ín nítorí aago náà. Ó ní irú èyí kì í ṣe ọjà títà, ẹni ńlá ló gbọ́dọ̀ fi ta èèyàn lọ́rẹ. Ohùn rẹ̀ dùn. Ẹnu Mojíre kàn ṣí, òyìnbó náà sì jáde. Nígbà tó délé, ojú tì í, ó sì bẹ Ọlọ́run. Kò tún sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Ẹbí kò gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọ́ ọ.

Kò sí ẹni tó jí i gbé. Òun ló gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín. Obìnrin orí àpótí ló ń ṣà á.

Ojú wo ni obìnrin yẹn ní? Mojíre gbìyànjú. Kò rí i. Ẹni tí wọ́n ń di lórí, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ẹsẹ̀ ni ó rántí. Ẹsẹ̀ gígùn kan nínú sílípáàsì pupa.

*

Ilé mélòó kan ni Abà Fáníyì, àti pèpéle tí wọ́n ń sá kòkó sí, àti òórùn kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Adéwálé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Àyọ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun. Ọwọ́ ló fi ń rí ẹ̀gúsí náà.

"Ta lẹ jọ dé?" ó bi ọmọ rẹ̀.

Adéwálé ní obìnrin kan ni, pé òun náà ní òun ni Nọ́ọ̀sì Mojíre.

Àwọn obìnrin abà méjì tó ń da kòkó fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá wòran. Láti inú yàrá, Mojíre gbọ́ ìkérora kan, kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ dá ẹlòmíràn lágara. Abọ́sẹ̀dé nìyẹn, ìyàwó náà. Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú. Adéwálé dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn dúró ni, bí ó ti yẹ kí ọkọ dúró.

Mojíre sì ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó sọ Òkèrèwè, ó sọ kẹ̀kẹ́ bàbá òun, ó sọ Àbẹ̀kẹ́. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ bí ó ti ń dún: bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka iṣẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ó tilẹ̀ dé orí ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà mi orí. "Ti Mojíre tiwa dùn ju tiyín lọ, Mà," ó ní. "Ẹ padà lọ kọ́ ọ dáadáa."

Èkejì ní bóyá ìbejì ni wọ́n, pé èyí ló jẹ oúnjẹ àwọn méjèèjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé tún kérora.

Àyọ̀kẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mojíre ti gbẹ̀bí mi rí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìdí tí mo fi jẹ́ kí èyí tó wá lọ́jọ́sí wọlé nìyẹn. Mo ní ṣé ó rántí mi, ó ní báwo ni òun ò ṣe ní rántí." Ó gbé ojú funfun náà sókè. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà rántí mi?"

Ìdáhùn tó rọrùn wà lẹ́nu Mojíre. *Báwo ni mi ò ṣe ní rántí?* Ó gbé e mì. Ó wo obìnrin náà. Irun funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn wọlé, ọgbọ̀n ọdún lórí ọgbọ̀n ọdún. Kò rántí. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

"Ibo ni mo ti gbẹ̀bí yín, Ìyá?"

"Ìgboro. Ọdún tí àgbàrá gbé afárá lọ."

Ọdún tí àgbàrá gbé afárá lọ. Ọdún àkọ́kọ́ Mojíre lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ Àyọ̀kẹ́ ti padà sínú ẹ̀gúsí, àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nílẹ̀, ó di etí ìró ara rẹ̀ mú, ó ń lọ́ ọ, ó ń tú u. Ó ń lọ́ ọ, ó ń tú u.

Mojíre rí ọwọ́ yẹn. Ó sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan. Obìnrin kan tó ti wá ọmọ títí. Ọmọ dé, kò ké. Àwọn àgbà nọ́ọ̀sì ní kí Mojíre fi aṣọ wé e, kó tètè gbé e jáde, nítorí pé ìyá kì í wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a kì í sọ ọ́ lórúkọ, a kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí a sin ín sí. Bí ọmọ náà bá rí ojú òbí, kò ní jẹ́ kí èkejì wá. Àṣà ni. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn di etí aṣọ funfun Mojíre mú, ó ń lọ́ ọ, ó ń tú u, kò jẹ́ kó lọ. Àwọn àgbà ti jáde. Mojíre fa kọ́tìnì. Ó gbé ọmọ náà sí i lápá. Ìyá wò ó. Ó sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà fún Mojíre, wọ́n sì wo ojú ara wọn, ó tán síbẹ̀.

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Kò sí ibi tí èèyàn lè ti rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ẹ̀gúsí. Ó sún mọ́ etí Àyọ̀kẹ́, kí ohùn má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù.

"Ọkùnrin ni. Ẹ di etí aṣọ mi mú. Ìgbẹ́kẹ̀lé lẹ pè é."

Ọwọ́ Àyọ̀kẹ́ dúró nínú ẹ̀gúsí. Kò ké, kò sunkún. Ó na ọwọ́ jáde, ó wá ojú Mojíre kàn, ó fọwọ́ pa á láti iwájú orí dé àgbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wo ohun tó ti sọnù tipẹ́ bóyá ó bàjẹ́.

"Adéwálé," ó ní, "kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

*

Ẹ̀jẹ̀ Abọ́sẹ̀dé ti ga ju ohun tí Mojíre bẹ̀rù lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn takisí, wọ́n gbé e sí i. Mojíre gbé orí rẹ̀ sórí itan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ó ní kí ó má sùn, kí ó máa ka àwọn abà tí wọ́n ń kọjá. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn dókítà gbà á. Wọ́n fún un lóògùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀bẹ tí wọ́n fi dẹ́rù bà wọ́n yẹn gan-an. Ọmọbìnrin ni. Ó kéré, ó sì ń bínú, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Adéwálé wá bá Mojíre níwájú wọ́ọ̀dù. Fìlà ti kúrò lórí. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bíi ti àárọ̀.

"Ẹ̀yin ni, Mà," ó ní.

Kò sì sí ẹni tó sọ fún Adéwálé, títí di òní, pé ẹnìkan ti wà ṣáájú rẹ̀ nínú ikùn ìyá rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, èkejì dé sí abà gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí. Àyọ̀kẹ́ ló sọ bí ó ti rí fún Mojíre, nígbà tí wọ́n mú un wá wo ọmọ. Òun nìkan ló wà nílé. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó kí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bèèrè Abọ́sẹ̀dé. Àyọ̀kẹ́ ní kó jókòó ná. Ó ní, "Mojíre, ọmọ mi àkọ́kọ́ tí o gbà lọ́jọ́ yẹn, kí la pè é?"

Obìnrin náà kò dúró ronú. Ó ní Ayọ̀bámi ni. Ó tilẹ̀ fi kún un pé ọmọ náà rẹwà, pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló jó.

Lẹ́yìn náà ni ó rí ojú Àyọ̀kẹ́. Ó dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Ó gun ọ̀kadà padà, ó gbàgbé báàgì dúdú sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, àti omi inú ìgò tí kò ní orúkọ lára, àti bàtà kánfáàsì ẹsẹ̀ òsì kan.

Mojíre gbé báàgì náà lọ fún àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀gá rẹ̀ kéde fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pé kò sí nọ́ọ̀sì wọn tó ń káàkiri abà pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Wọn kò rí obìnrin náà mú. Ó wọnú ayé lọ.

Bàtà yẹn ló dà á láàmú jù. Abẹ́rẹ́, ó yé e. Ẹni tó ń tan èèyàn jẹ nílò abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bàtà? Ta ló ń gbé bàtà ẹsẹ̀ kan kiri? Àfi ẹni tó máa ń yọ ọ́ jáde bí ó bá dé orí ewúrẹ́, kí wọ́n lè rí i. Mojíre kò ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ni ìtàn. Ó bi Àyọ̀kẹ́ ní ìbéèrè tó mú àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Báwo ni obìnrin yẹn ṣe ń rẹ́rìn-ín? Báwo ni ó ṣe ń kí èèyàn?

"Bíi tìẹ," ni Àyọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Ìwọ gan-an, láìsí àánú lára."

*

Ó lọ bá Ìyá Kẹ́hìndé. Ó bi í nípa obìnrin gíga kan, sílípáàsì pupa.

Ìyá Kẹ́hìndé rántí rẹ̀. Ó máa ń wá, ó máa ń jókòó lórí àpótí yẹn, ó ní òun ń dúró de ẹnìkan. Ẹni náà kì í dé. "Irun orí rẹ̀ ò tó di," Ìyá Kẹ́hìndé sọ. "Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn ìjókòó ni. Ẹ̀yin sì ń dá a lára yá."

Ó fi ọwọ́ fa orí Mojíre sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun.

Àwọn nǹkan kan yí padà láti ìgbà náà. Aṣọ iṣẹ́ tó bá gbó, Mojíre kì í fi tọrẹ mọ́. Ó ń gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó kúrò nílé. Kì í wọ aago náà jáde bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ fún Tìmílẹ́hìn pé bí ẹnikẹ́ni bá wá bá a ní yunifásítì, tó ní ìyá rẹ̀ ló rán òun, kó bi í ní orúkọ tí òun ń pè é nígbà tí eyín rẹ̀ ń yọ. Tìmílẹ́hìn ní orúkọ yẹn burú ju kí wọ́n jí òun gbé lọ. Mojíre ní ìdí tó fi dára nìyẹn.

Èyí tó wá di àṣà ní wọ́ọ̀dù ni ti ọ̀rọ̀ àárín. Gbogbo aboyún tó bá wá bá a nígbà àkọ́kọ́, Mojíre á tẹ̀ sún mọ́ ọn, wọn á jọ wá ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe orúkọ ọkọ, kì í ṣe orúkọ ilé, kì í ṣe ohunkóhun tí a fi ń yangàn. Ohun tí kò wúlò fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan mú ẹ̀kọ tó jóná. Ọ̀kan mú àwọ̀ ẹyẹlé kan tó kú. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu ọ̀nà wọn tó ní Mojíre ló rán òun, tàbí tó ní òun ni Mojíre, kó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ wọn wá. Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ Abọ́sẹ̀dé ni tanátaná. Kò sẹ́ni tó yàn án. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku ìbéèrè náà. *Ọmọ ta ni yín?* Èèyàn ò lè máa gbé ní Ifẹ̀ kó má dáhùn rẹ̀. Ó gbìyànjú láti dákẹ́, ó sì dà bí ẹni tí eyín ń dùn. Ní ọjọ́ kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tún wà láàárín eékún Ìyá Kẹ́hìndé, ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnìkan wọlé, ó jókòó sórí àpótí. Ẹsẹ̀ tuntun, bàtà dúdú. Ó kí wọn. Ó ní orí Nọ́ọ̀sì mà dára fún irun, ọmọ ta ni wọ́n?

Mojíre rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè kúrò nílẹ̀, orí rẹ̀ ro ó, Ìyá Kẹ́hìndé kùn, ó sì wo obìnrin náà lójú dáadáa. Ojú yíká, ilà kékeré kan lábẹ́ ojú òsì.

"Ọmọ Òkèrèwè ni mí," ó ní. "Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ mọ̀ pé ewúrẹ́ jẹ agbòòrùn mi?"

Ọwọ́ Ìyá Kẹ́hìndé dúró lórí irun. Bàtà ló ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti bí oṣù mélòó kan, gèlè ni ewúrẹ́ náà ń jẹ. Ní wọ́ọ̀dù, ó ti jẹ òrùka ilẹ̀kùn. Bí agbòòrùn náà bá padà wá bá Mojíre láti abà kan lọ́jọ́ kan, yóò mọ àtíbàbà tí ó ti gbéra.

Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ewúrẹ́ wo ló ń jẹ agbòòrùn?

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín," Mojíre wí, ó sì tún orí gbé kalẹ̀. "Àmọ́ ẹ̀yin ńkọ́ ná? Ọmọ ta ni yín?"